Ìdáhùn sí Ìbéèrè Òǹkàwé: Awò Lórí Ìbọn Tí A Ń Ki Láti Ẹnu

Ìbéèrè: Olóòtú ọ̀wọ́n, mo ra awò kan, ìyẹn gíláàsì tó ń mú ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú ẹni tó ń fojú sùn, mo sì fúnra mi dè é mọ́ orí ìbọn mi tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Nígbà tí mo yìn ín ní 100 yáàdì, ọta àkọ́kọ́ bọ́ sí ibi tí mo fojú sùn gan-an, èkejì fi íǹṣì 3 lọ sókè, ẹ̀kẹta sì yà sí ọ̀tún. Gbogbo ìgbà tí ọta bá yà ni mo ń yí awò láti tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n ṣe ni ó ń burú sí i. Ṣé awò náà ni kò dára, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n dè?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tú awò yẹn kúrò. Ohun tó gba àfiyèsí mi jù lọ nínú lẹ́tà yín ni pé ọta àkọ́kọ́ bọ́ síbi tó yẹ. Inú ọ̀pá ìbọn yín mọ́ nígbà tí ẹ yin ọta yẹn, kò sì mọ́ mọ́ nígbà tí ẹ yin èkejì. Ẹ̀tù dúdú, àti èyí tí wọ́n ṣe láti fi rọ́pò rẹ̀, kì í jó tán láìṣẹ́ kù. Èérí rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá, ọta tó bá tẹ̀ lé e á sì gba ọ̀nà tó ti há ju ti ìṣáájú lọ kọjá. Bí ẹ ti ń yí awò lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, èérí ni ẹ ń lé kiri.

Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìdè awò wò, kí a lè mú un kúrò nínú ohun tí a ń fura sí. Ẹ ti ọ̀pá ìkìbọn wọ inú ìbọn títí yóò fi kanlẹ̀ kí ó lè dá yín lójú pé kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, kí ẹ sì sàmì sára ọ̀pá náà níbi tó bá ẹnu ìbọn mu. Lẹ́yìn náà, ẹ tú òrùka àti pèpéle tí awò jókòó lé, ẹ nu òróró kúrò lára síkúrù àti ihò wọn, kí ẹ tún wọn dè díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún òsì, ọ̀tún òsì, títí dé ìwọ̀n líle tí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n kọ sílẹ̀. Bí pèpéle bá ń mì níwọ̀nba bébà, kò sí iye yíyí tí yóò mú ọta bọ́ sójú kan. Ẹ fi okùn tó so òkúta rọ̀ sí ọ̀ọ́kán, kí ìlà òòró inú awò bá okùn náà mu nígbà tí ìbọn bá dúró gbọọrọ, kí ẹ tó dè é pa.

Ìfọ̀mọ́ ni iṣẹ́ gan-an. Kí ẹ tó ki ẹ̀tù rárá, ẹ fi ohun ìtanná kan tàbí méjì, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, dún lásán láti gbẹ òróró tó wà nídìí ọ̀pá, kí ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ewé koríko kan nítòsí. Bí ewé náà bá mì, ọ̀nà iná ti là. Lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, ẹ ti àkísà pélébé tí ẹ fi omi ìfọ̀bọn rin díẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ fà á jáde, ẹ yí i padà, ẹ tún ti ìhà kejì wọlé, kí ẹ wá fi gbígbẹ tẹ̀ lé e. Ẹ má jẹ́ kí àkísà náà kán omi, nítorí omi á sọ̀ kalẹ̀ lọ ba ẹ̀tù tó kàn jẹ́. Ọwọ́ yín ni yóò sọ fún yín bí ẹ bá fo èyí: ọ̀pá ìkìbọn á dúró gbọn-in nígbà tó bá ku ìwọ̀n ìka díẹ̀ kí ọta dé orí ẹ̀tù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má yin ìbọn bẹ́ẹ̀, nítorí àlàfo láàárín ọta àti ẹ̀tù lè wú ọ̀pá ìbọn tàbí kí ó fà á ya. Ẹ sàmì kejì sára ọ̀pá ìkìbọn fún ìbọn tí a ti kì dáadáa, kí ẹ sì máa rí i pé àmì yẹn bá ẹnu ìbọn mu ní gbogbo ìgbà. Irú ọta kan náà, ìwọ̀n ẹ̀tù kan náà, agbára ìkì kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 25 yáàdì, kì í ṣe 100, pẹ̀lú ìbọn lórí àpò iyanrìn. Ọ̀pọ̀ awò máa ń dún kẹ́ bí a bá yí bọ́tìnnì wọn, kẹ́ kan sì ń gbé ọta sún ìdá mẹ́rin íǹṣì ní 100 yáàdì. Ní 25 yáàdì, ìdá mẹ́rìndínlógún íǹṣì péré ni. Nítorí náà, bí ọta bá bọ́ sí íǹṣì 2 nísàlẹ̀ ibi tí ẹ fojú sùn, kẹ́ 32 sókè ni ẹ ó yí. Ọfà ara bọ́tìnnì ń tọ́ka sí ibi tí ọta yóò lọ. Nígbà tí ẹ bá wá dé 100 yáàdì, ẹ yin ọta 3 kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, kí ẹ máa dúró láàárín wọn títí ọ̀pá yóò fi tutù. Àárín ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ wọn, ẹ má wo èyí tó jìnnà jù.

Ìbéèrè: Awò mi gbá mi lójú nígbà tí mo yìnbọn, ó sì bẹ́ mi ní ìpéǹpéjú. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó súnmọ́ ojú yín jù. Ẹ tì í síwájú títí ẹ ó fi rí gbogbo àwòrán inú rẹ̀ láìsí òkùnkùn létí, tí ìwọ̀n íǹṣì 3 sí 4 sì wà láàárín rẹ̀ àti ojú yín. Aṣọ tó nípọn tí ẹ máa wọ̀ lọ sóko ni kí ẹ wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, torí ó ń yí ibi tí ìdí ìbọn gúnlẹ̀ sí léjìká padà.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n lo ẹ̀tù aláìléèéfín inú ọta ìgbàlódé, torí kì í fi èérí sílẹ̀. Ṣé ó dára?

Ìdáhùn: Rárá, àfi bí ẹni tó ṣe ìbọn náà bá kọ ọ́ kedere pé wọ́n ṣe é fún un. Agbára tí ẹ̀tù yẹn ń tú jáde ju ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí lè gbà lọ, ó sì lè fọ́ ọ̀pá ìbọn sí yín lọ́wọ́, níbi tí ojú àti ìka yín wà gan-an. Àkísà ni kí ẹ fi kojú èérí.