Ìbéèrè Yín: Aago Wọ Inú Ilé

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ wa ní ẹ̀rọ ló yí ìgbé ayé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ń rànwú, mo mọ̀ pé rélùwéè dé. Inú ilé wọn ńkọ́? Kí ló yí padà fún ìyá àti ọmọ? — Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè nípa inú ilé. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ni ní ìtàn, aago ni mo sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ tí wọ́n bá bi mí bẹ́ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, inú ilé ni ahunṣọ ti ń ṣiṣẹ́. Òfì wà ní yàrá, ìyàwó ń rànwú, ọmọ ń bá wọn tọ́jú òwú. Iye aṣọ tó bá hun ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un, wọn kì í ka wákàtí. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ bí ọjọ́ ẹni mímọ́. Tó bá wá di ọjọ́ Ẹtì, wọn a fi òru kún ọ̀sán. Ìyà wà níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ, àmọ́ ọwọ́ wọn ni àkókò wọn wà.

Lọ́dún 1771, Richard Arkwright dá ilé iṣẹ́ òwú tí agbára omi ń yí sílẹ̀ ní Cromford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni: aago ló wá ń sọ ìgbà tí òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ dé.

Gbọ́ ti Elizabeth Bentley. Lọ́dún 1832 ló jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin. Ọmọ ọdún 6 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ran ọ̀gbọ̀ ní Leeds. Tí iṣẹ́ bá pọ̀, láti aago 5 òwúrọ̀ títí di aago 9 alẹ́ ni, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n sì fi ń sinmi lọ́sàn-án. Pẹ́nì kan ni owó wákàtí kan. Ẹni tó bá pẹ́ dé ní ìṣẹ́jú 15, owó ìdajì wákàtí ni wọ́n máa yọ.

Wọn kò sì ní aago nílé! Ìyá rẹ̀ a máa fetí sílẹ̀ lóru. Tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń lọ wa èédú, á dìde lórí ibùsùn tó móoru, á jáde lọ bi wọ́n pé aago mélòó ló lù. Nígbà mìíràn ó ti ṣì í: aago 2 òru ni ọmọ náà ti wà níta nínú òjò, tí ó ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo ti ka ẹ̀rí yìí fún kíláàsì púpọ̀, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò tíì yé dùn mí.

Òfin ọdún 1833 mú nǹkan dẹ̀ díẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 9 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn tí kò tíì pé 13 kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 48 lọ́sẹ̀. Alábòójútó 4 péré ni wọ́n yàn fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Òfin ọdún 1850 ló wù mí jù: obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ gbọdọ̀ ṣíwọ́ ní aago 2 ọ̀sán Sátidé. Tí wọ́n bá ti lọ, kí ni ọkùnrin á dá ṣe nídìí ẹ̀rọ? Bí àyè ṣe ṣí sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù ọ̀sán Sátidé nìyẹn.