Ìràwọ̀ márùn-ún Yaris 2005
Ẹ̀gbọ́n, ìràwọ̀ márùn-ún tí Euro NCAP, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, fún ọkọ̀ Toyota Yaris ní 2005, tí ẹ bèèrè bóyá ó tó gbọ́kàn lé lójú ọ̀nà Ìlọrin sí Òmù-Àrán, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ọdún yẹn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Fiat Punto náà gba márùn-ún ní 2005. Nígbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n tuntun tún un dánwò ní 2017, òdo ló gbà. Ní tèmi, tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ rà gan-an ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò: bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná airbag (àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ iná náà kí ẹ má baà mọ̀ pé airbag ti bẹ́ rí.