Ṣé "kàkà" nìkan ni "rather"?

Ọmọ iléèwé gíráámà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ bi mí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, olùkọ́ wa ní kàkà ni 'rather'. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń sọ pé 'It is rather hot'? Kí ló kan kàkà nínú ọ̀rọ̀ ooru?"

Àbúrò mi, olùkọ́ yín ò ṣìnà, apá kan ọ̀rọ̀ náà ló mú. Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, "rathe", tó túmọ̀ sí kíákíá. Èyí tó bá tún yá jù ú lọ ni wọ́n ń pè ní "rather". Ohun tí ọkàn èèyàn bá tètè sáré lọ bá, òun náà ló fẹ́ jù. Bí ọ̀rọ̀ ìyára ṣe di ọ̀rọ̀ yíyàn nìyẹn. Kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ṣebí àwa náà ní ikú yá ju ẹ̀sín? A sì ń sọ fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ falẹ̀ pé, "Ó yá, jẹ́ ká lọ." "Yá" kan náà ló ń ṣiṣẹ́ yíyàn àti iṣẹ́ ìyára; ó máa ń wú mi lórí tí mo bá rántí rẹ̀.

Ká ní o ń lọ sí ààfin Ṣọ̀ún, tí ọ̀kadà ò wù ọ́, wàá ní, "I would rather walk than take okada." Kàkà kí n gun ọ̀kadà, màá kúkú fẹsẹ̀ rìn. Wo ibi tí kàkà bọ́ sí: ohun tí a kọ̀ ló lẹ̀ mọ́, níbi tí "than" wà. "Rather" fúnra rẹ̀, "kúkú" ló sún mọ́ ọn jù. Má fi "to" sáàárín "rather" àti "walk", má sì yọ "would" kúrò. Àṣìṣe méjèèjì yìí ni mo ń rí jù nínú ìwé àwọn ọmọ wa.

Ti ooru wá ńkọ́? Ó fi díẹ̀ ju bí ara ṣe fẹ́ ẹ lọ ni. Ìfiwéra ṣì ni, àfi pé a ò dárúkọ ohun tí a fi wé. "The rain is rather late": òjò yìí pẹ́ díẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti kọ ebè sílẹ̀ dè é kò ní fi ẹ̀rín sọ ọ́. Ìdí nìyí tí "fairly warm" fi tẹ́ni lọ́rùn, ṣùgbọ́n tó bá ti di "rather warm", a ó ṣí fèrèsé.

Ó ku "or rather", tí a fi ń tún ọ̀rọ̀ ara wa ṣe: "He came on Monday, or rather, on Monday night." Ọjọ́ Ajé ló dé, àní lálẹ́ ọjọ́ Ajé.