"Eégún ńlá ní í kẹ́yìn ìgbàlẹ̀": kí ló fẹ́ sọ gan-an?

Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní LAUTECH ló bi mí níjọ́sí pé kí ló dé tí àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń pa òwe yìí tí wọ́n bá jókòó ti fíìmù, ṣebí ọ̀rọ̀ ẹni ńlá tó dé kẹ́yìn sóde ni. Òótọ́ ni, wọ́n ń lò ó fún ìyẹn náà, tí kábíyèsí bá ń bọ̀ níbi ìnáwó wàá gbọ́ ọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ eré ni òwe yẹn kó tó di ọ̀rọ̀ ipò.

Ìgbàlẹ̀ ni igbó tí eégún ti ń jáde. Àwọn kéékèèké ló máa kọ́kọ́ yọ, wọ́n á lé ọmọdé kiri, bàtá á máa dún, atọ́kùn á máa pariwo, oòrùn á sì máa pa èèyàn, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ní lọlé torí gbogbo wọn ló mọ̀ pé eégún ńlá ṣì wà nínú lọ́hùn-ún. Wọ́n mọ orúkọ ẹ̀, wọ́n mọ oríkì ẹ̀, wọ́n mọ aṣọ tó máa gbé. Ìgbà tó máa yọ àti bó ṣe máa jó lọ́dún yìí nìkan ni wọn ò mọ̀. Ìdúró yẹn gan-an ladùn ẹ̀ o.

Àwọn eégún alárìnjó, àwọn apidán yẹn, bí wọ́n ṣe ń to eré tiwọn náà nìyẹn, ìjúbà, ijó, kí idán tó dé. Lóṣù kejì ọdún 1826, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Clapperton wo eré níwájú ààfin Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó wọ àpò ló kọ́kọ́ jó, lẹ́yìn náà ni òjòlá yọ látinú àpò, ìgbà tó wá kù díẹ̀ kó parí ni nǹkan funfun kan jáde, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fín aṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí ò fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Òyìnbó ni wọ́n ń sín jẹ! Lójú ẹ̀ báyìí! Àwọn òǹwòran tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wò ó dáadáa, ṣé wọn ò ṣe é dáadáa ni. Wọ́n mà fi àlejò ṣe eégún ńlá o.

Ibẹ̀ ni mo rò pé irú ìtàn tá a fẹ́ràn ti wá, èyí tá a ti mọ òpin ẹ̀ ká tó wò ó. Ta ni ò mọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé Ṣọ̀un Ògúnlọlá máa gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, lọ fún Aláàfin? Orúkọ ìlú ti sọ ọ́ tán, "ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́" ló di Ògbómọ̀ṣọ́. Síbẹ̀ nígbà tí Lérè Pàímọ́, ọmọ ìlú wa, fi ìtàn yẹn ṣe fíìmù, àwọn èèyàn wò ó, wọ́n tún un wò. Ọba Kò So tí Dúró Ládiípọ̀ gbé jáde lọ́dún 1963 ńkọ́, látorí orúkọ eré lo ti mọ ibi tó ń lọ, àmọ́ wàá ṣì fẹ́ kí Ṣàǹgó fúnra ẹ̀ yọ síta.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Tákíé, tí ọmọdé bá ní "màámi àgbà, ọkùnrin yẹn máa kú o," ohun tí wọ́n máa ń sọ ni "ta ló bi ọ́? Mo mọ̀ pé á kú, jẹ́ n rí bó ṣe máa kú u." Ohun tó ń bí wọn nínú ni àwọn fíìmù ìsìnyí tó jẹ́ pé wọ́n á ti yìnbọn pa ọ̀gá pátápátá ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, wọ́n á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ọdún mẹ́ta sẹ́yìn". Níjọ́ kan, wọ́n kàn ju rìmóòtù sórí àga ni, wọ́n ní "eégún ńlá ti jó wọlé, kí la tún ń dúró wò?", ni wọ́n bá lọ gbé omi àmàlà kaná.