Ẹ Béèrè, À Ń Dáhùn: Ọjọ́ Mélòó Kan Nínú Igbó Orí Òkè

Lẹ́tà yín lórí gígun òkè inú igbó ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, mo wá kó díẹ̀ jọ síbí. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ẹranko lẹ̀rù ẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ yín, ẹkùn, ejò, aláǹtakùn, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi omi gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ra fún, èyí tó ń rọ̀ látòkè, èyí tó ń ṣàn nínú odò, èyí tó wà nínú bàtà yín àtèyí tẹ́ ẹ fẹ́ mu. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá, òótọ́ ni, àmọ́ nínú igbó ẹ má fojú kékeré wò ó.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta fẹ́ gun òkè kan tó jẹ́ pé igbó kìjikìji ló bò ó, ọjọ́ márùn-ún la máa lò, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì kò sí ilé kankan, ibi tílẹ̀ bá ṣú sí la máa pàgọ́ sí. A ti gun òkè rí o, àmọ́ ibi tó gbẹ tó sì ṣí sílẹ̀ gbayawu ni. Ṣé tẹ́ǹtì ni ká gbé àbí hámọ́ọ̀kì, ibùsùn aláṣọ tí wọ́n máa ń so sáàárín igi méjì? – Ọ̀rẹ́ Mẹ́rin

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ̀wé. Kí n tó dé orí tẹ́ǹtì, gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yín tó ń kọ mí lóminú, “ibi tílẹ̀ bá ṣú sí”. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Lágbègbè ilẹ̀ olóoru, ojúmọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bíi wákàtí 12 lọ yípo ọdún, oòrùn kì í sì í pẹ́ wọ̀ níbẹ̀, tó bá ti ń lọ ó ti lọ nìyẹn, abẹ́ igi ńlá sì máa ń ṣókùnkùn ṣáájú ìta. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ó ku wákàtí mẹ́ta kílẹ̀ ṣú, ẹ dúró, kódà kára yín ṣì le kí ibi tẹ́ ẹ fojú sùn má sì jìnnà mọ́. Ẹni tó bá ń fi tọ́ọ̀ṣì wá igi tó máa so nǹkan mọ́ nínú òjò kò ní rí ẹ̀ka gbígbẹ tó wà lókè orí ẹ̀, ẹ̀ka yẹn gan-an sì lọ̀tá. Igi tó ti kú tó ṣì wà lóòró, ẹ̀ka tó ti já tó kàn há sáàárín àwọn yòókù, òjò á rin ín, á wúwo, atẹ́gùn díẹ̀ á fẹ́, ó di ilẹ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó gbé báàgì kalẹ̀, kí ẹnì kan nínú yín yí ibẹ̀ ká kó máa wòkè nìkan, tí nǹkan gbígbẹ bá wà níbẹ̀ ẹ sún síwájú.

Ó yá, tẹ́ǹtì àbí hámọ́ọ̀kì. Tó bá jẹ́ inú igbó gan-an lẹ máa sùn, hámọ́ọ̀kì lèmi máa mú, èyí tó ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lára, pẹ̀lú tàpólíìnì fífẹ̀ lókè ẹ̀. Ìdí ni pé ilẹ̀ tó tẹ́jú tó tún gbẹ ṣọ̀wọ́n lára òkè tí igbó bò, gbòǹgbò igi ló kún ibẹ̀, tí òjò bá sì dé abẹ́ tẹ́ǹtì lomi máa gbà kọjá, èèrà náà ò ní yà fún yín. Tàpólíìnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ta kẹ́ ẹ tó tú nǹkan míì, kí gbogbo ẹrù tó kù lè jáde síbi tó gbẹ. Ẹ lo bẹ́líìtì fífẹ̀ láti fi so hámọ́ọ̀kì mọ́ igi, torí okùn tín-ínrín máa ń gé èèpo igi wọnú. Nǹkan kan wá wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ àfi tí wọ́n bá jí lóru tí ẹ̀yìn wọn ti tutù rinrin: omi òjò máa ń gba ara igi sọ̀kalẹ̀, á dé ibi tí okùn wà, á wá máa rìn lára okùn náà bọ̀ tààrà sínú ibùsùn yín. Ẹ wá okùn kékeré kan, kó gùn tó ìka ọwọ́, ẹ so ó mọ́ ara okùn hámọ́ọ̀kì yẹn níbi tí tàpólíìnì ti bò ó, kẹ́ ẹ jẹ́ kẹ́nu ẹ̀ fì sísàlẹ̀. Tí omi bá rìn débẹ̀, ara okùn kékeré yẹn ló máa gbà kán sílẹ̀, tó, tó, tó, kò ní kọjá síwájú. Ẹ ṣe é lápá orí, ẹ ṣe é lápá ẹsẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo òkè tẹ́ ẹ fẹ́ gùn dáadáa o. Ẹ wo Gunung Tahan ní Malaysia, mítà 2,187 ni gíga ẹ̀, igbó ńlá ló wà nísàlẹ̀, àmọ́ béèyàn bá ṣe ń sún mọ́ téńté ni igi á máa kúrú, á wá di pápá àti igbó játijàti, kò sígi tó lè gbé yín dúró níbẹ̀. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú tẹ́ǹtì kékeré, tàbí kẹ́ ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi tàpólíìnì àti ọ̀pá pàgọ́ sórí ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Òtútù náà ńkọ́? Béèyàn bá ṣe gun mítà 1,000, ooru á fi nǹkan bíi dígírì 6 lọ sílẹ̀, tó túmọ̀ sí pé tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 30, ó lè jẹ́ 18 níbi tó fi mítà 2,000 ga jù ú lọ, ọ̀sán nìyẹn o, a ò tíì sọ ti òru. Abẹ́ hámọ́ọ̀kì sì wà lófìfo, ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé, ẹ tẹ́ mátì fóòmù sínú ẹ̀.

Aṣọ ìpààrọ̀ méjì péré ti tó. Ọ̀kan fún ìrìn, tó máa tutù lọ́jọ́ kìíní tó sì ṣeé ṣe kó má gbẹ mọ́ títí ẹ ó fi padà, ọ̀kan fún oorun, inú náílọ̀n méjì tẹ́ ẹ dì pa lèyí máa wà, kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ tàpólíìnì láé. Tílẹ̀ bá mọ́ ẹ bọ́ gbígbẹ yẹn, ẹ wọ tútù padà. Mo mọ̀ pé kì í rọrùn, pàápàá ìbọ̀sẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rìn díẹ̀ ara á ti gbà á, ẹni tó bá sì wọ gbígbẹ jáde lọ́jọ́ kejì torí pé kò lè fara da tútù, kò ní rí nǹkan kan fi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyẹn ò yọ ti ìwé àṣẹ kúrò o. Ní Scotland, òfin ọdún 2003 gba èèyàn láyè láti pàgọ́ sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọn ò mọ ọgbà yí ká, àmọ́ igbó tíjọba dáàbò bò kì í sábà rí bẹ́ẹ̀, Gunung Tahan yẹn, tìwé àṣẹ tafinimọ̀nà ni wọ́n fi ń gùn ún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú igbó tiyín kẹ́ ẹ tó di ẹrù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá rìn nínú igbó tójò ń rọ̀, tó bá ti di ọjọ́ kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ mi á funfun, á hunjọ, á máa ta mí bí iná, bẹ́ẹ̀ búùtù tí wọ́n ní omi kì í wọ̀ ni mo wọ̀ o. Eṣúṣú náà ò tún jẹ́ n gbádùn. – Ẹlẹ́sẹ̀ Tútù

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o. Búùtù tómi ò lè wọ̀, omi ò lè jáde nínú ẹ̀ náà. Béèyàn bá ti wọ odò tó mu ún dé orúnkún, ẹnu búùtù lomi máa gbà wọlé, á sì dúró síbẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́ títí dalẹ́. Nínú igbó, bàtà fúyẹ́ tí omi ń tètè ṣàn jáde lára ẹ̀, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ di ilẹ̀ mú, sàn jù ú lọ. Ẹsẹ̀ ẹ máa tutù lójúmọmọ, kò sọ́gbọ́n tá a lè dá sí i, ohun tó ń gba ẹsẹ̀ là ni wákàtí tó fi gbẹ lóru. Tó o bá ti pàgọ́, fọ̀ ọ́, nù ún, jẹ́ kátẹ́gùn fẹ́ sí i kó gbẹ pátá, ká tiẹ̀ tó wá sọ ti páúdà, kó o wá wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ tó jẹ́ ti oorun nìkan. Láàárọ̀ fi Vaseline pa àárín ọmọ ìka àti gìgísẹ̀ kó o tó ki ẹsẹ̀ bọ tútù. Tó bá ti kú tìpìrì tí o ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tàbí tí awọ ẹ̀ ń bó, má rìn síwájú mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ti eṣúṣú, má fi iná sun ún, má da iyọ̀ sí i, torí ó lè pọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sójú egbò. Fi èékánná rọra yọ́ wọ abẹ́ ẹnu ẹ̀ tó tín-ínrín, kó o tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á já. Ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa jáde fúngbà díẹ̀, nǹkan tó wà nínú itọ́ ẹ̀ ni kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà ẹ́.

Ìbéèrè: Odò kan wà lójú ọ̀nà tá a máa gbà lọ, ibẹ̀ náà la máa gbà bọ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti kún jù?

Ìdáhùn: Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré jù. Òjò ò ní láti rọ̀ níbi tẹ́ ẹ wà kí odò tó kún, ó lè jẹ́ pé téńté òkè ló ti ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn lórí yín. Ẹ mú òkúta kan létí omi, ẹ tẹjú mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tómi bá ti ń bò ó ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Tí omi tó mọ́ bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń léfòó bọ̀, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ tí òkúta ń kọlura nísàlẹ̀, ẹ kúrò létí ẹ̀, ẹ gun ibi tó ga. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé odò orí òkè kì í sábà pẹ́ fà, òmíì láàárín wákàtí mélòó kan, torí náà sùúrù lafárá ibẹ̀, ẹ gbé oúnjẹ ọjọ́ kan sí i dání kí ebi má bàa tì yín wọnú omi. Òwúrọ̀ ló dáa jù láti sọdá, torí ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ lòjò wọ́pọ̀ jù nínú irú igbó bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọdá, ẹ tú bẹ́líìtì báàgì ìbàdí àti ti àyà, kó lè ṣeé já jù sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣubú. Ẹ kọjú síbi tí omi ti ń bọ̀, ẹ ki ọ̀pá mọ́lẹ̀ níwájú, ẹ máa yọ́ ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi tó bá ti kọjá orúnkún tó sì ń sáré, kì í ṣe ti yín nìyẹn. Ẹ má sì pàgọ́ sórí iyanrìn etí odò, bó ti wù kó tẹ́jú tó, ẹ wo ẹ̀ka igi tó wà nítòsí, tẹ́ ẹ bá rí koríko gbígbẹ àti pàǹtí tó so rọ̀ lókè orí yín, ibi tómi dé nígbà tó kún kẹ́yìn nìyẹn.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin fẹ́ bá wọn lọ sírú ìrìn yìí, mi ò rí oorun sùn torí ejò. – Ìyá Ẹ̀

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá, ẹ̀rù yín ò ṣàìnídìí. Àjọ ìlera àgbáyé WHO sọ pé ejò ń pa èèyàn tó tó 81,000 sí 138,000 lọ́dọọdún, àmọ́ àgbẹ̀ àti ará ìgbèríko tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ní kó máa wo ibi tó ń tẹ̀ àti ibi tó ń fọwọ́ dì mú, kó má fi ẹsẹ̀ lásán rìn lálẹ́, kó gbọn bàtà ẹ̀ láàárọ̀. Tí ejò bá wá bù ú jẹ, kí wọ́n má gé ojú ọgbẹ́ náà, kí wọ́n má fẹnu fà á, kí wọ́n má fokùn dè é le dan-in dan-in, kí wọ́n bọ́ òrùka àti aago, kí wọ́n fi igi di ẹsẹ̀ náà kó má mira, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí oògùn ejò wà. Ohun tẹ́ ẹ máa bi àwọn tí wọ́n jọ ń lọ gan-an ni pé, báwo ni wọ́n ṣe máa pe ìrànlọ́wọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́kì ò sí? Tí wọn ò bá ní ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ẹ ní kí wọ́n wá a kí wọ́n tó mú un lọ.

Ìbéèrè: Ṣóòótọ́ ni pé tí mo bá sọnù nínú igbó kí n kàn máa tẹ̀ lé odò lọ sísàlẹ̀?

Ìdáhùn: Mo mọbi tọ́rọ̀ yẹn ti wá. Lọ́jọ́ 24 oṣù December 1971, bàlúù já lórí igbó Peru, Juliane Koepcke tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 nìkan ló là á já, omi ló tẹ̀ lé, ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n tó rí i. Àmọ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló ti rìn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó já sí. Ìwọ orí òkè lo wà, odò orí òkè máa ń já láti orí àpáta, á gbé ẹ dé ibi tí o ò lè sọ̀ tí o ò sì lè gùn padà, ariwo omi ò sì ní jẹ́ kó o gbọ́ àwọn tó ń pè ẹ́. Tó o bá ti rí i pé o ò mọ̀nà mọ́, jókòó. Fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, sinmi, fọn ọ́n padà. Ẹni tó bá ti sọ ọ̀nà tó ń gbà àti ọjọ́ tó máa dé fún èèyàn kan nílé, wọ́n á wá a wá síbẹ̀.

Ìbéèrè: Omi tó ń ṣàn gààrà látinú àpáta, ṣé èèyàn ò lè mu ún bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá. Ẹ sè é, kó hó fún ìṣẹ́jú kan, tẹ́ ẹ bá ti kọjá mítà 2,000 kó hó fún mẹ́ta. Fíltà dáa, àmọ́ èyí tó wọ́pọ̀ kì í dá fáírọ́ọ̀sì dúró. Kẹ́ ẹ sì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ yín jìnnà sómi, ó kéré tán mítà 60, kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò, kẹ́ ẹ bò ó, torí ẹlòmíì wà nísàlẹ̀ tó fẹ́ mu nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: A ti dé láti ọ̀sẹ̀ méjì, ara mi wá ń gbóná, orí ń fọ́ mi. Ṣé àárẹ̀ ìrìn náà ni?

Ìdáhùn: Má pè é ní àárẹ̀ o, lọ sí ọsíbítù lónìí. Ibà ẹ̀fọn lè dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó fara hàn, ó lè lo oṣù pàápàá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kéèyàn lo doxycycline, oògùn tó ń dènà ibà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i lẹ́yìn tó bá ti kúrò níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o ti dá a dúró. Àrùn leptospirosis náà wà, tó ń tinú ìtọ̀ ẹranko bọ́ sínú odò, tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, òun náà lè pẹ́ tó ọgbọ̀n ọjọ́. Kí dókítà tó bi ẹ́, sọ fún un pé inú igbó lo ti dé, dárúkọ ibẹ̀, sọ iye odò tó o là kọjá àti oògùn tó o lò, kí wọ́n lè mọ irú àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe.