Ẹni Tó Mú Àléébù Wá Ni Olùrànlọ́wọ́ Yín Àkọ́kọ́

Ẹ béèrè pé, nígbà tí ìjábọ̀ àléébù ti pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ lórí iṣẹ́ open source (sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún gbogbo èèyàn) tí ẹ ń tọ́jú, tí kò sì sí ẹni tó ń bá yín fọwọ́ kún un, ṣé kí ẹ kọ́kọ́ palẹ̀ àwọn ìjábọ̀ náà mọ́ ni, àbí kí ẹ kọ́kọ́ wá èèyàn mọ́ra. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún nídìí irú iṣẹ́ yìí fi hàn mí ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì. Ẹni tó jókòó, tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé nǹkan kan kò ṣiṣẹ́, ti lo àkókò rẹ̀ lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àárín irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùrànlọ́wọ́ ti ń jáde wá, bí a bá sì ṣe dá wọn lóhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá kí wọ́n tún padà wá.

Sọ́fítíwíà tí èmi ń bójú tó máa ń yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò. Nígbà kan, olùkọ́ kan kọ̀wé sí wa pé ó ń fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà "ọ̀nà". Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, kò sì sí ìlà pupa kankan lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí àwa tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ tiwa. Ó fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́: ọ̀rọ̀ náà rí bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́, àmì ohùn rẹ̀ pé, àmì abẹ́ lẹ́tà rẹ̀ náà pé. Ó rọrùn nígbà náà láti kọ ọ́ pé "kò ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa", kí a sì ti ìjábọ̀ náà pa. Ohun tí a ṣe ni pé a bẹ̀ ẹ́ kó fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́ dípò àwòrán rẹ̀, kó sì sọ irú kíbọ́ọ̀dù tó fi tẹ̀ ẹ́ fún wa. Ìgbà tí a wo nọ́ńbà Unicode, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, tó wà lẹ́yìn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì náà ni ọ̀rọ̀ tó yé wa. Unicode ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ọ", ìyẹn U+1ECD, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ọ̀". Àfi kí a fi àmì ohùn, U+0300, tẹ̀ lé "ọ". Kíbọ́ọ̀dù olùkọ́ yìí ń kọ́kọ́ tẹ "ò", U+00F2, kó tó wá fi àmì abẹ́, U+0323, sí i. Ojú èèyàn kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìyẹn ìlànà Unicode tó ń sọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a gbà tẹ lẹ́tà kan náà di ọ̀kan ṣoṣo, kí a tó máa fi wọ́n wé ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé dùn mọ́ mi jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ náà, fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gba fáìlì jọ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń lo oríṣiríṣi kíbọ́ọ̀dù, ó sì rí i pé ìlà òòró kékeré, U+0329, ni àwọn kan ń lò lábẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto. Èyí, NFC kò lè tún un ṣe, nítorí pé àmì mìíràn pátápátá ni. Àwa ni a ní láti kọ òfin tirẹ̀ sínú kóòdù. Olùkọ́ yìí kò mọ kóòdù kíkọ rárá. Síbẹ̀, àwọn fáìlì tó kó jọ ni a fi ń dán gbogbo ẹ̀dà tuntun wò títí di òní kí ó tó jáde, kò sì sí pull request (àtúnṣe kóòdù tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ pé kí a gbà wọlé) kan tí mo mọ rírì rẹ̀ tó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń jábọ̀, ẹ béèrè ohun tó tọ́: kí ló ṣe, kí ló ń retí, kí ló wá rí, ẹ̀dà wo ló ń lò, kó sì so fáìlì tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn bí ó bá wà. GitHub, ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí ń gbé, gbà yín láyè láti to àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sí fọ́ọ̀mù nínú fódà .github/ISSUE_TEMPLATE, yóò sì máa jáde níwájú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ ìjábọ̀. Ẹ jẹ́ kó kúrú. Fọ́ọ̀mù gbọọrọ máa ń lé èèyàn sá. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo irú iṣẹ́ wa ní Nàìjíríà kò ní àkáǹtì GitHub, wọn kò sì ní ṣí i nítorí wa. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ń sọ ohun tó ń dùn wọ́n, pẹ̀lú dátà tí wọ́n fi owó ara wọn rà. Lójú tèmi, alábòójútó ló yẹ kó bá wọn gbé e wọlé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, lẹ́yìn tó bá ti gba àṣẹ lẹ́nu wọn, láìfi orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù wọn síta.

Ní ti èyí tó ti jọ gègèrè sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pín in ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù. Debian, ẹ̀yà Linux kan tó ti wà láti 1993, ní ìpele méje fún àléébù, láti critical (èyí tó burú jù) dé wishlist (ohun tí èèyàn kàn ń fẹ́), mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú wọn ló sì lè dá ẹ̀dà tuntun dúró. Iṣẹ́ tí ẹnì kan ń dá tọ́jú kò nílò méje. Mẹ́ta ti tó: èyí tó ń pa iṣẹ́ oníṣẹ́ rẹ́, èyí tó ń dí èèyàn lọ́wọ́, àti èyí tó jẹ́ pé ohun tuntun ni wọ́n ń tọrọ. Èyí tó bá jọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, torí pé ẹ̀rí kejì ló fún yín. Èmi kò fara mọ́ bot, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, tó ń ti ìjábọ̀ pa nítorí pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àléébù náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló ń bá ìbínú lọ. Bí ẹ kò bá ní ṣe é, ẹ fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ kò ní ṣe é, ẹ sọ ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ tì í.

Bí ẹ bá ti pín wọn, àwọn iṣẹ́ tí àlejò lè ṣe yóò hàn síta fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ alábòójútó máa ń lẹ àmì "good first issue" (iṣẹ́ tó yẹ ẹni tuntun) mọ́ ìjábọ̀ tí kò ju ìlà kan lọ, wọ́n á sì máa retí èèyàn. Èyí tí mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́, mo máa ń kọ fáìlì tí iṣẹ́ náà wà, àṣẹ tí wọn yóò fi dán an wò, àti ohun tí a óò rí lójú ẹ̀rọ tí a óò fi mọ̀ pé ó ti parí. Kíkọ rẹ̀ lè gba àkókò ju kí n tún àléébù náà ṣe fúnra mi lọ, ó sì máa ń ṣe mí bíi kí n kàn tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fọwọ́ ara mi tún gbogbo èyí tó rọrùn ṣe, kò ní sí ibi tí ẹni tuntun máa gbà wọlé. Nígbà tí pull request rẹ̀ bá sì dé, ẹ má ṣe jẹ́ kó dúró láìgbọ́ nǹkan kan. Bí ẹ kò bá tíì ráyè, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "mo ti rí i, ẹ ṣeun, máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta", kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta lóòótọ́.

Ẹ má ṣe fi ẹ̀bùn wá èèyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Hacktoberfest, ètò tí ilé iṣẹ́ DigitalOcean dá sílẹ̀ ní 2014, máa ń fún ẹni tó bá fi iye pull request kan ránṣẹ́ nínú oṣù October ní ṣẹ́ẹ̀tì. Ní 2020, pull request tí kò ní láárí ya bo àwọn alábòójútó débi pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà gan-an ni wọ́n yí òfin padà, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tí alábòójútó rẹ̀ bá fọwọ́ sí i pé òun fẹ́ kópa nìkan ni wọ́n ń kà. Iṣẹ́ curl, sọ́fítíwíà tó ń gbé dátà gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí Daniel Stenberg ń darí, bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àléébù ààbò ní 2019, ó sì wúlò fún wọn fún ìgbà pípẹ́; ṣùgbọ́n nígbà tí ìjábọ̀ tí AI kọ, tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò yẹ̀ wò, pọ̀ jù, wọ́n dá owó náà dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ kò béèrè, ó sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tí iṣẹ́ ti sú: ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ náà lé ẹni tó ń kán yín lójú lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí xz, sọ́fítíwíà tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Linux ń lò, nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn orúkọ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ń kọ̀wé sí i ní 2022 pé ó ń falẹ̀, pé kó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó wá gbà á, tó ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan, ni ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ tó wà nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Andres Freund ló tú u fó ní March 2024, nígbà tó ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó ti wù kí ó rẹ̀ yín tó, ẹ fún èèyàn ní agbára díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì organization lórí GitHub, ọ̀fẹ́ ni, ẹ gbé iṣẹ́ náà lọ síbẹ̀, kí ẹ sì fi ipò triage fún ẹni tó ti ń bá yín dáhùn ìjábọ̀ dáadáa: yóò lè lẹ àmì mọ́ ọn, yóò lè tì í, yóò lè tún un ṣí, ṣùgbọ́n kò ní lè yí kóòdù padà. Agbára láti yí kóòdù padà yẹ kó dúró di ìgbà tí ẹ bá ti yẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò léraléra, tí ẹ sì ti rí bó ṣe ń gba àtúnṣe nígbà tí ẹ bá ní kò tíì rí bó ṣe yẹ.