Wọ́n ti ṣe stem cell fún mi tán: kí ni oògùn méjì tún wà fún?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Multiple myeloma, jẹjẹrẹ inú mùdùnmúdùn eegun, ló ń ṣe mí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n dá stem cell ara mi, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀, padà sí mi lára. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní kò sí nǹkan kan mọ́, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ kí n máa lo kápúsù lenalidomide, kí n sì máa gba abẹ́rẹ́ daratumumab mọ́ ọn. Kí la tún ń wò? Ẹyọ kan ò sì tó ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. “Kò sí mọ́” tí ẹ kà yẹn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí i. Melphalan, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, tí wọ́n fún yín kí stem cell tó wọlé ti pa ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì burúkú náà, ṣùgbọ́n díẹ̀ sábà máa ń kù sínú eegun, bíi koríko tí a gé tí a fi gbòǹgbò sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kó èsì ìwádìí mẹ́ta lórí lenalidomide pọ̀, ó tó nǹkan bí oṣù 53 kí àìsàn tó tún gbérí lára ìdajì àwọn tó ń lò ó. Lára àwọn tí kò lò ó, kò ju nǹkan bí oṣù 24 lọ. Nítorí náà, lórí lílo oògùn kan ó kéré tán, èmi ò ní bá yín jiyàn rárá.

Ti oògùn kejì ló gba àròjinlẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì yàtọ̀. Lenalidomide ń ba àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì burúkú náà fi ń wà láàyè jẹ́, ó sì ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara jí. Daratumumab ń lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì burúkú náà kí àwọn agbèjà yẹn lè dá a mọ̀, kí wọ́n pa á. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n pè ní AURIGA, àwọn tí ìyókù àìsàn ṣì wà nínú eegun wọn lẹ́yìn stem cell ni wọ́n mú. Láàárín oṣù 12, nǹkan bí 50 nínú 100 àwọn tó lo méjèèjì ni a ò rí ìyókù yẹn lára wọn mọ́. Lára àwọn tó lo lenalidomide nìkan, nǹkan bí 19 ni.

Ẹ wá bi dókítà yín: ṣé wọ́n ti wo mùdùnmúdùn eegun mi fún ìyókù yìí? Àyẹ̀wò náà, MRD, lè rí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo láàárín 100,000. Ẹ tún bi í bóyá àìsàn yín wà lára àwọn tó le, irú èyí tí apá kan krómósómù 17 (ọ̀kan nínú àwọn okùn àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì) ti já. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ oògùn méjì gbọingbọin. Àgbàlagbà tí àìsàn rẹ̀ kò le, tí àkóràn kì í sì í jẹ́ kó gbádùn, ẹyọ kan lè tó o.

Àkóràn gan-an sì ni ìnira tí daratumumab ń mú bá ènìyàn. Ẹ béèrè ìgbà tí ẹ máa tún gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, torí stem cell máa ń pa èyí tí ẹ ti gbà láti kékeré rẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára, ẹ tètè sọ pé ẹ ń gba daratumumab: ó máa ń da àyẹ̀wò ìbáramu ẹ̀jẹ̀ rú, títí kan oṣù mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn.

Lenalidomide ní tirẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tàbí tí èémí ṣàdédé ń há, ilé ìwòsàn ni, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ìgbẹ́ gbuuru wọ́pọ̀, ó sì ní oògùn, ẹ má torí ẹ̀ dá kápúsù dúró fúnra yín. Lenalidomide lè ba oyún jẹ́ pátápátá. Ọkùnrin tó ń lò ó náà gbọ́dọ̀ lo kọ́ńdọ̀mù. Ó tún ń fi díẹ̀ kún ewu kí jẹjẹrẹ mìíràn yọ, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àǹfààní rẹ̀ ju ewu yẹn lọ.

Kì í sì í ṣe pé ẹ ó máa gba abẹ́rẹ́ daratumumab títí ayé dandan. Nínú ìwádìí PERSEUS, àwọn tó ti lò ó fún ọdún méjì ó kéré tán, tí MRD wọn sì mọ́ fún oṣù 12, dá a dúró, wọ́n ń bá lenalidomide lọ. Ẹ ní kí wọ́n sọ ètò tiyín fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ara yín bá sì gbóná tó 38°C, lóru tàbí lọ́sàn-án, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an.